Ilé lásìkò àrọ̀kúrò: ẹ bi wá, ẹ gbọ́ èsì

ÌBÉÈRÈ: O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, ọmọ mi obìnrin àti ọkọ ẹ̀ wà ní Paris, wọ́n ti bí méjì fún wa, ìkan ọmọ ọdún mẹ́fà, ìkejì ọdún mẹ́rin. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo máa ń pè wọ́n lórí WhatsApp, nígbà ìsinmi ńlá gbogbo ìgbà la máa ń ríra. Látìgbà tí iléèwé ti wọlé, tí mo bá ti pè, wọ́n á ní àwọn ọmọ ti sùn. Ìyá wọn ní ìgbà ìwọ́wé ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ilẹ̀ ti ń tètè ṣú. Ṣé wọn ò fẹ́ kí n máa bá àwọn ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ mọ́ ni? Ó ń dùn mí gan-an.
(Ìyá àgbà, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú àárò ọmọ o. Ẹ fọkàn balẹ̀, òótọ́ lọmọ yín ń sọ fún yín. Láti ìparí oṣù kẹta tí wọ́n ti sún aago wọn síwájú, tí aago 8 bá lù l'Ájàṣẹ́, aago 9 ti lù ní Paris, ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń lọ iléèwé lọ́la sì yẹ kó ti sùn nígbà yẹn. Ìgbà ìsinmi tí ẹ fi ń rí wọn, oòrùn ò tíì wọ̀ lọ́dọ̀ wọn ní aago 9 ọ̀hún, ta ló máa lé ọmọdé lọ sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tílẹ̀ ṣì mọ́ rekete? Ní oṣù kẹfà, ojúmọmọ tiwọn tó wákàtí 16, tó bá fi máa di oṣù kejìlá á ti kù sí bíi wákàtí 8, tiwa níbí kì í yàtọ̀ tó wákàtí kan látọdún dé ọdún, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ń ṣe yín bíi pé àwáwí ni.

Ẹ gbọ́ èyí tó máa dùn mọ́ yín: lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, tó bá di aago 3 òru, wọ́n máa dá aago padà sí 2. Látọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, aago yín àti tiwọn á di ọ̀kan náà. Ní báyìí, aago 6 ìrọ̀lẹ́ tiwa ni kẹ́ ẹ máa pè, 7 ni lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá ti dá a padà ẹ lè sún un sí 7. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ìyá wọn, òun ló mọ ìgbà tó ń wẹ̀ fún wọn àti ìgbà tí wọ́n ń jẹun.

Ilẹ̀ tó ń tètè ṣú tó ń dùn yín yìí, màmá, èmi rò pé ẹ̀bùn ló jẹ́ fún yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án? Nígbà tí oòrùn ń ràn títí alẹ́, ìgbà wo lẹ fẹ́ pa á? Ní báyìí tí òkùnkùn ti tètè ń dé, ẹ pe àwọn ọmọ yìí ní alẹ́ Sátidé, ẹ ní "Ààlọ́ o!", kí wọ́n dáhùn "Ààlọ̀!", Ìjàpá kékeré kan ti tó, kí orin wà nínú ẹ̀, torí ọmọ tí ò tíì gbọ́ Yorùbá dáadáa á kọ́kọ́ mú orin. Ẹ má béèrè ìbéèrè púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọmọdé sá fún fóònù. Ẹ ní kí wọ́n ṣa ewé tó já sílẹ̀ wá fi hàn yín, kí ẹ̀yin náà fi òjò Àjàṣẹ́ hàn wọ́n.

Nǹkan kan tó kù, ẹ rọra bi ìyá wọn bóyá dókítà ti sọ̀rọ̀ fítámì D fún wọn, oòrùn ibẹ̀ ò lágbára nígbà òtútù, awọ dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ kó tó rí tiẹ̀ ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà ni mò ń tà ní Kétu, ọmọ mẹ́ta ló ń lọ iléèwé, èyí àgbà ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àárọ̀ ilé wa ariwo ni, kàkí ò gbẹ torí òjò, ìwé ò sí níbi tí wọ́n gbé e sí, mo máa ń pariwo títí ohùn á fi há.
(Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kétu)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Alẹ́ ni kó o ti mú un, àárọ̀ ti pẹ́ jù. Tí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, kí kálukú gbé báàgì ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí kàkí àti bàtà wà lórí àga, kí wọ́n wọ inú nẹ́ẹ̀tì ní aago 8 ààbọ̀, nítorí òjò àrọ̀kúrò yìí ẹ̀fọn ń pọ̀ sí i, ibà ò sì ní jẹ́ kí ọmọ lọ iléèwé rárá. Kàkí, ọ̀sán Fúráìdé tí wọ́n bá dé ni kó o ti ní kí wọ́n bọ́ ọ, kí ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, má dúró de Sọ́ńdè, kí o ta okùn sínú ilé kó lè gbẹ bí òjò bá tiẹ̀ ń rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lè pọn omi ìwẹ̀ sílẹ̀ kó tó sùn. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà láàárọ̀, ó ti parí.

Bàbá wọn ńkọ́? O ò dárúkọ ẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ. Bó bá wà nílé, òun ni kó máa gbé wọn lọ iléèwé, kí ìwọ kọjú sí ọjà rẹ. Jókòó bá a sọ ọ́ nígbà tí inú ẹ̀ bá dùn, má sọ ọ́ láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sáré.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ìgbà wo ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa àwọn ọmọ lára nítorí ọyẹ́?
(Bàbá ìbejì, Sábẹ)

ÌDÁHÙN: Ọyẹ́ ṣì ń bọ̀, oṣù kejìlá ló sábà máa ń mú gan-an. Ẹ ra òrí sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí ẹ máa fi pa wọ́n lára tí wọ́n bá ti wẹ̀ tán tí omi ṣì wà lára wọn díẹ̀, ètè àti gìgísẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì o.