Ìsopọ̀ páìpù afẹ́fẹ́ fún GMC Motorhome tó ń wọlẹ̀ lóru

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ lórí ọkọ̀ o. Ẹ ní GMC Motorhome yín ti ọdún 1976, ọkọ̀ ńlá tó ní ilé nínú, tí afẹ́fẹ́ ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀, máa ń dúró dáadáa lálẹ́, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún á ti wọlẹ̀. Ẹ fẹ́ yọ gbogbo páìpù afẹ́fẹ́ àtijọ́ dànù, ẹ wá ń béèrè irú ìsopọ̀ tí ẹ máa rà: ṣé èyí tí wọ́n kàn ń ti páìpù bọ̀ ni, àbí compression tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń fún òrùka idẹ mọ́ páìpù, àbí flare tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí àgbá. Irú ọkọ̀ yìí ni mo ní, mo sì ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ títí mo fi mọ gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà sá. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ, kò sí èyí tó burú. Ìsopọ̀ tí kò bá páìpù rẹ̀ mu ló ń jò. Páìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, òun ló máa sọ irú ìsopọ̀ tí ẹ máa rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ òtútù kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, torí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tú ohun tí kò bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ máa ń súnkì tí òtútù bá mú un. Tí ẹ bá fún táńkì afẹ́fẹ́ ní 100 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) lọ́sàn-án tí ooru wà ní 30°C, tí ó wá bọ́ sí 5°C lóru, nǹkan bíi 90 psi ni géèjì máa kà láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ibì kankan ò jò. Báàgì afẹ́fẹ́ tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dípò sípíríǹgì yàtọ̀ díẹ̀. Ìwúwo ọkọ̀ ló ń pinnu iye psi inú rẹ̀, torí náà báàgì fúnra rẹ̀ ló máa súnkì, ara ọkọ̀ á sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tọ̀tún tòsì ni òtútù máa ń mú. Tó bá ti jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ń wọlẹ̀ bíi tiyín, afẹ́fẹ́ ń jáde níbì kan.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọkọ̀ náà kí ẹ tó mú sípánà. Láti 1973 sí 1978 tí General Motors fi ń ṣe é, táyà iwájú ló ń fà á, kò sí irin kankan tó so táyà ẹ̀yìn ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní táyà méjì tó tẹ̀lé ara wọn, apá irin kan gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, báàgì afẹ́fẹ́ kan sì dùbúlẹ̀ láàárín apá méjèèjì. Báàgì kan yẹn ló gbé gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá jáde, kò sí sípíríǹgì mìíràn tó máa gbé ọkọ̀ dúró, ó máa já wálẹ̀ ni, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìdúró irin tó lágbára sábẹ́ férémù, kì í ṣe jáàkì nìkan, kí ẹ sì tú gbogbo afẹ́fẹ́ dànù kí ẹ tó ṣí ìsopọ̀ kankan. Mi ò ní sọ èyí lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo máa kọ síbí.

Ó yá, páìpù. Nylon dúdú tí wọ́n ń lò fún bíréèkì afẹ́fẹ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ SAE J844 sí lára, ìyẹn orúkọ ìlànà tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ṣe é fún 150 psi, ó ń fara da gbígbọ̀n, epo àti iyọ̀ ojú títì, àwọ̀ dúdú rẹ̀ sì ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Bàbà ń dán lójú, ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbọ̀n lábẹ́ ọkọ̀ fún ọdún mélòó kan, ó máa ń le, á sì sán níbi tó ti wọ inú ìsopọ̀. Páìpù polyurethane tó rọ̀ tí wọ́n ń lò fún irinṣẹ́ afẹ́fẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kò yẹ lábẹ́ ọkọ̀ rárá. Ooru ń mú un rọ̀ sí i, eyín irin tó ń di páìpù mú nínú ìsopọ̀ sì máa ń jẹ ẹ́ lára. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti tẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ń wuni, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ síbi tí wọ́n ṣe é fún.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ rèé, torí ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti ń jò. Ìnṣì ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ ara páìpù J844 láti ìta, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò sì jẹ́ ìnṣì 1/4, ìyẹn mìlímítà 6.35. Páìpù mìlímítà 6 tún wà lọ́jà, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ẹni tó ni ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀ ti fi páìpù mìlímítà 6 bọ inú ìsopọ̀ ìnṣì 1/4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì òsì. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, eyín inú rẹ̀ dì í mú, tí ẹ bá fà á kò ní jáde. Ṣùgbọ́n òrùka rọ́bà tó yẹ kó há páìpù mọ́ra kàn ń fara kàn án lásán ni. Tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, kò jò. Tí apá irin bá mi, páìpù á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ á sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Mo fọ́n omi ọṣẹ sí i láìfọwọ́ kan páìpù, kò hó. Ìgbà tí mo fi ìka kan rọra ti páìpù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ìfófòó funfun kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yí ẹnu ìsopọ̀ ká. Torí náà, ẹ fi kálípà wọn gbogbo páìpù tí ẹ bá bá lábẹ́ ọkọ̀ àti gbogbo èyí tí ẹ bá rà. Mìlímítà 8 àti ìnṣì 5/16 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, torí ìnṣì 5/16 jẹ́ 7.94, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ tí wọ́n fi rò pé gbogbo ìwọ̀n ló ń bá ara wọn ṣe.

Tí páìpù bá ti jẹ́ nylon J844, ìsopọ̀ tí èmi fara mọ́ fún ọ̀pọ̀ ibi ni èyí tí wọ́n ń ti páìpù bọ̀, push-to-connect, ṣùgbọ́n kó jẹ́ onídẹ tí wọ́n kọ DOT sí lára, àmì ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìrìnnà. Onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí oníke tó wà fún ẹ̀rọ inú ilé iṣẹ́ kò fẹ́ òkúta, ẹrẹ̀ àti gbígbọ̀n ojú ọ̀nà. Irú èyí yára láti fi sí, kò sì béèrè agbára. Gígé páìpù ló máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Píláyà máa ń tẹ ẹnu páìpù di òbìrípo gígùn, á sì gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ tí wọ́n ṣe fún gígé páìpù gé e kí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú dáadáa. Ẹ wo bí ihò ìsopọ̀ ṣe jìn tó, ẹ fi báírò ṣàmì ibẹ̀ sára páìpù, kí ẹ wá tì í títí àmì náà fi dé ẹnu ìsopọ̀. Ẹni tó bá dúró níbi tó ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ó há, eyín nìkan ló tíì dé, kò tíì dé òrùka rọ́bà.

Tí ẹ bá wá tú u jáde lọ́jọ́ mìíràn, ẹ wo ẹnu páìpù náà lójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí eyín fà sí i lára. Àwọn ìlà yẹn ni afẹ́fẹ́ máa gbà kọjá lábẹ́ òrùka rọ́bà tí ẹ bá tún un tì bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ibi tó ní ìlà dànù kí ẹ tó dá a padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi páìpù sílẹ̀ kó gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbi gbogbo, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì, torí ẹnu báàgì ń bá apá irin rìn, páìpù tó bá le tantan níbẹ̀ máa fa ara rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan. Kí ó sì lọ tààrà díẹ̀ kó tó ṣẹ́ kọ́nà. Tó bá ti ẹnu ìsopọ̀ tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan òrùka rọ́bà ló ń gbé gbogbo ìnira náà.

Compression dára níbi tí ẹ kò ní máa ṣí léraléra, bí àpẹẹrẹ ẹnu táńkì. Ó lágbára, ó sì fara da ooru ju èyí tó ní òrùka rọ́bà lọ. Ṣùgbọ́n ti bíréèkì afẹ́fẹ́ ni kí ẹ rà, èyí tó ní ọ̀pá idẹ kékeré tó ń wọ inú páìpù. Láìsí ọ̀pá yẹn, nylon á rọra sún kúrò lábẹ́ òrùka idẹ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Compression tí wọ́n ń tà fún páìpù bàbà jọ ọ́ gan-an, kò sì ní ọ̀pá yìí. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbóná tó sì ti tutù nígbà mélòó kan, ẹ padà lọ wò wọ́n bóyá wọ́n ń fẹ́ ìdè díẹ̀ sí i.

Flare, ibì kan ṣoṣo ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti lò ó: ẹnu kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún táńkì ní afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ gbóná ju ohun tí nylon lè fara dà pẹ́ lọ, á sì se òrùka rọ́bà. Ẹ fi họ́òsì PTFE (Teflon, tó ń fara da ooru) tí wọ́n fi wáyà irin hun ara rẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tutù díẹ̀ kó tó kan nylon. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbẹ̀. Flare tí ojú rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ ní dígíírì 37 àti ti dígíírì 45 ní irú tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tí nọ́ọ̀tì fi ń yí wọlé) kan náà tó bá jẹ́ ti ìnṣì 1/4, 7/16-20 ni méjèèjì, ìyẹn fífẹ̀ ìnṣì 7/16 àti ìlà 20 nínú ìnṣì kan. Wọ́n máa wọ ara wọn, sípánà á sì dè wọ́n le, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ní jókòó léra, á sì máa jò bó ti wù kí ẹ dè é tó. Ẹ ra apá méjèèjì ìsopọ̀ náà níbì kan náà.

Tírẹ́ẹ̀dì tún kan fáàfù àti táńkì yín. NPT, irú tírẹ́ẹ̀dì páìpù ti Amẹ́ríkà, ni ti ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ BSPT, irú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àkọlé wọn kì í sọ. Nínú ìnṣì 1/8, NPT ní ìlà tírẹ́ẹ̀dì 27 nínú ìnṣì kan, BSPT ní 28. Nínú ìnṣì 1/4, 18 sí 19 ni. Ó máa wọlé bí ẹni pé ó bára mu, lẹ́yìn náà á há lójijì. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má fi agbára kún un, pàápàá lára fáàfù aluminium, ó máa là. Ẹ fi gọ́ọ̀mù olómi tó wà fún tírẹ́ẹ̀dì dí i. Tí ẹ bá máa lo tépù, ẹ fi tírẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìyí tépù sí i, torí èérún tépù tó bá wọ inú fáàfù lè dá a ró ní ṣíṣí, kó sì dà bíi pé páìpù ló ń jò. Èyí tó bá ti ní gọ́ọ̀mù gbígbẹ lára láti ilé iṣẹ́, ẹ má fi nǹkan kún un. Bí kọ́nà ìsopọ̀ kò bá kọjú síbi tí ẹ fẹ́, ẹ má tú u padà sẹ́yìn, ẹ ra èyí tí orí rẹ̀ ń yí.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nípò, ẹ fi omi àti ọṣẹ tí ẹ fi ń fọ abọ́ wò ó, kí ẹ ní sùúrù, jíjò kékeré máa ń pẹ́ kó tó hó. Ẹ má lo omi ìfọwíńdò tó ní ammonia, ó máa ń mú kí idẹ sán. Ẹ fi omi lásán ṣan ọṣẹ náà dànù lẹ́yìn rẹ̀.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ ọ̀tún nìkan ló ń wọlẹ̀, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ yọ páìpù tó wọ báàgì ọ̀tún, ẹ fi ìdérí tó ní fáàfù bíi ti táyà dí ẹnu báàgì, kí ẹ gba fáàfù yẹn fún un ní afẹ́fẹ́, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ìdúró irin ṣì wà lábẹ́ férémù, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn kí ẹ lè rí i bó bá wọlẹ̀. Bó bá ṣì wọlẹ̀, báàgì tàbí ẹnu rẹ̀ ni. Bó bá dúró, páìpù tàbí fáàfù ìpele ẹ̀gbẹ́ yẹn, èyí tó ń darí bí ọkọ̀ ṣe ga tó, ni. Ẹ ya fọ́tò ibi tí páìpù ti wọ fáàfù náà ránṣẹ́, kí kálípà wà nínú rẹ̀, ká lè mọ tírẹ́ẹ̀dì tí ẹ máa béèrè.