Òjò ti ń ṣú ní Ìkòròdú, ilé Màmá sì kún fún ẹrù

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ìbejì wa. Òtútù ti ń lọ níbí, a ti palẹ̀ ilé mọ́, a ti kó aṣọ òtútù pamọ́, ni ọkàn mi bá lọ sílé Màmá mi ní Ìta-Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú. Àwọn nìkan ni wọ́n ń dá gbé ibẹ̀. Yàrá méjì ló ti kún dé àjà: páálí, kúlà, ike, aṣọ ẹbí, àti gbogbo ohun tí a ti ń fi ránṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Lọ́dún tó kọjá òjò wọlé, ẹrù bàjẹ́. Mo fẹ́ gba àwọn ọmọkùnrin kan kí wọ́n wá kó o dànù, Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan àwọn. A ó mú àwọn ọmọ wálé ní oṣù kẹjọ. Ìyàwó àbúrò mi náà ti fẹ́ bímọ, Màmá sì ní aṣọ ìbejì tí àwọn fi káńfọ̀ tọ́jú ni ọmọ náà máa wọ̀. Báwo ni kí n ti ṣe é? Èmi, Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn Màmá o. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Calgary ni mo ti ń tọ́mọ, ìyá tèmi náà kì í da nǹkan nù, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹnikẹ́ni láti wá kó ẹrù Màmá dànù.

Ẹ̀yin ń palẹ̀ òtútù mọ́ ní Leeds. Ní Ìkòròdú, òjò là ń palẹ̀ dè. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, oṣù kẹfà ló máa ń le jù, á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ tí ẹ̀yin ń bọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ohun tí omi lè bàjẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Èyí tí kò kàn wu ojú yín lásán lè dúró.

Màmá ò ní bá yín jà nítorí òrùlé. Kí ẹnì kan gùn ún, kó gbá ewé kúrò, kó wo ibi tí ìṣó páànù ti tú. Kí wọ́n la gọ́tà iwájú ilé, kí wọ́n má sì fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ létí ibẹ̀, torí òjò àkọ́kọ́ ló máa gbá a padà sínú. Ẹ rántí Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí ọkọ̀ kì í rìn títí di aago mẹ́wàá, tí gbogbo àdúgbò á jáde wá gbálẹ̀? Ìjọba Èkó dá ìyẹn dúró ní 2016. Ìyá àgbà tó ń dá gbé nílò ẹni tí ẹ máa sanwó fún. Táyà, agolo àti ike tó wà lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n dojú wọn dé: láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin ẹ̀fọn ń di ẹ̀fọn nínú omi.

Kí páálí kankan tó jáde nínú ilé náà, ìwé ni kí ẹ wá. Àwọn ìyá wa kì í kó ìwé sínú fáìlì. Ìwé sáfè ilẹ̀ lè wà nínú báàgì tí wọn ò gbé mọ́, rìsíìtì tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fún Bàbá lè wà nínú agolo Bournvita lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé ìfẹ̀yìntì lè wà láàárín ewé Bíbélì. Pẹ̀lú bí ilẹ̀ ṣe wọ́n ní Ìkòròdú lónìí, ọmọ tó wá kó pàǹtí lè da ìwé ilé bàbá yín sórí ààtàn láìmọ̀. Ẹ pe Màmá lórí fídíò WhatsApp, kí wọ́n máa tú àpótí kọ̀ọ̀kan lójú yín. Kí àbúrò yín ya fọ́tò ewé kọ̀ọ̀kan, tojú tẹ̀yìn. Kí wọ́n di ìwé fúnra rẹ̀ sínú ọ̀rá tó nípọn, kó sì wà lọ́wọ́ Màmá. Kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀, kò gbọdọ̀ fara kan ògiri; omi ń gba ìsàlẹ̀ ògiri gòkè, ikán sì fẹ́ràn páálí tó bá ti tutù.

Ní ti àwo àti ike òde ìnáwó, ẹ rọra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní àwòrán olóògbé àti ọjọ́ ìsìnkú lára. Tí ẹ bá ní kí Màmá ju àwo ọ̀rẹ́ wọn nù, ó máa dùn wọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó wà lórí àwo, kí wọ́n mú ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìyókù ta àwọn ìyàwó tuntun àdúgbò lọ́rẹ. Ìtọrẹ kì í nira fún wọn.

Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Naphthalene, kẹ́míkà tó ń lé kòkòrò, ló sábà máa ń wà nínú bọ́ọ̀lù funfun wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní G6PD tó, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n sì pọ̀ jù níbẹ̀. Tí irú ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí káńfọ̀ ti bá gbé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, tó bá sì le, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ títí láé. Ẹ má sọ pé ẹ máa fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ fi owó aṣọ ránṣẹ́, kí wọ́n ra òmíràn. Aṣọ òkè Màmá fúnra wọn, kí wọ́n nà án sí atẹ́gùn lábẹ́ ibòji kí òjò tó pọ̀, kó gbẹ dáadáa kó tó padà sínú àpótí.

Ẹni tó bá fọ ilé ìyàgbẹ́ kò gbọdọ̀ po Hypo mọ́ Harpic, èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n má sì fọ́n Sniper sínú yàrá nítorí aáyán. NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré irú oògùn yẹn láti 2019.

Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn ìbejì nílò ní oṣù kẹjọ, tó ní nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé. Ẹ bẹ Màmá fún yàrá kan yẹn, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n tí oṣù ìyàwó àbúrò yín bá ti pé, aṣọ ọmọ ni kí ẹ pe Màmá lé lórí lónìí, kí gọ́tà dúró di ọ̀la.