Ẹ Jẹ́ Kó Fi Yorùbá Ṣàlàyé Rẹ̀ fún Màmá

Ìbéèrè: Leeds là ń gbé, Akúrẹ́ ni ilé wa. Ọmọ mi ọdún 16 ń kọ́ nípa bí chromatin (DNA pẹ̀lú àwọn pùrótéènì tó ń wé mọ́) tó fún pọ̀ ṣe ń wà nínú nucleus, ìyẹn àpò inú sẹ́ẹ̀lì tí DNA wà. Ìyá mi bi í lórí fóònù pé kí ló ń kọ́, kò lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Ṣé kí n kọ́ ọ ni, àbí kí n jẹ́ kó gbájú mọ́ ìdánwò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ ọ.

Ìyá tèmi ń ta aṣọ lọ́jà ní Akúrẹ́. Nígbà tí a lọ kí wọn, ọmọ mi fi àwòrán sẹ́ẹ̀lì inú ìwé rẹ̀ hàn wọ́n. Màmá wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Kí ló dé tí àwọn dúdú yìí fi lẹ̀ mọ́ ògiri, tí àárín fi mọ́?" Ọmọ mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú rẹ̀. Yorùbá ni kò wá sẹ́nu. Mo bá dá sí i: "Màmá, bí ìgàn aṣọ tí kò tíì sí oníbàárà rẹ̀ ni, tí ẹ tò mọ́ ògiri ìsọ̀." Wọn ò wojú mi. "Ọmọ ni mo bi." Wọ́n dá ìwé padà fún un. Láti ìgbà náà, "Ṣé o ti jẹun?" nìkan ni wọ́n ń bi í lórí fóònù. Ó ṣì ń jẹ mí lọ́kàn.

Kì í ṣe pé a ò fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá o. Iṣẹ́ alẹ́ ni èmi àti ìyá wọn ń ṣe nígbà tí wọ́n kéré, tíṣà kan sì ní èdè méjì á dà wọ́n láàmú. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ chromatin náà ò le jù. DNA, okùn tó gbé àbùdá, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn kan ṣoṣo gùn tó mítà 2 bí a bá nà án, nucleus tó gbà á kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100 mìlímítà lọ. DNA náà ń wé mọ́ àwọn pùrótéènì tí à ń pè ní histone, mẹ́jọ mẹ́jọ lójú kan. Ibi tí jíìnì (apá DNA tó gbé ìtọ́ni fún sẹ́ẹ̀lì) ti ń ṣiṣẹ́ máa ń ṣí sílẹ̀, ó sì sábà máa ń wà láàárín nucleus. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì náà kò lò á fún pọ̀, àwọ̀n pùrótéènì tó tẹ́ ògiri nucleus nínú á sì dì í mú síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú eku ni kí ọmọ yín fi bẹ̀rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí eku fi ń ríran lóru, èyí tó fún pọ̀ ló wà láàárín. Ní 2009 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìtò yẹn ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ráyè kọjá dáadáa. Màmá yín á fẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n á sì tún bi í ní òmíràn. Bí wọ́n bá bi í, ẹ má ṣe dáhùn fún un.