Ṣé Gráfíìkì Inú Prósẹ́sọ̀ Tó fún Kọ̀ǹpútà Olówó Pọ́ọ́kú?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan jọ fún ọmọ mi ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, níbi tí ó ti ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà ní kọ̀ǹpútà tí kò bá ní káàdì gráfíìkì, ìyẹn ẹ̀yà tí ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀, kò wúlò fún òun, nítorí pé ó fẹ́ràn géèmù bọ́ọ̀lù. Ẹni tí yóò bá wa to ẹ̀rọ náà ní Computer Village, Ìkẹjà, sì ní gráfíìkì tó wà nínú prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ti tó. Káàdì tí ọmọ ń wí yìí fẹ́ gbé nǹkan bí ìdajì owó tí mo yà sọ́tọ̀ lọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ bá yín to ẹ̀rọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀, nítorí pé ráàmù (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lọ́wọ́ sí) tí ẹ bá rà ni yóò sọ bí gráfíìkì inú prósẹ́sọ̀ náà yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó.

Káàdì gráfíìkì tó dá dúró ní ráàmù tirẹ̀ lára, tí ẹnikẹ́ni kì í bá a lò. Gráfíìkì inú prósẹ́sọ̀ kò ní irú rẹ̀. Òun àti Windows àti gbogbo ohun tí ẹ bá ṣí ni wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà, ìyẹn ráàmù kọ̀ǹpútà. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ ráàmù kan ṣoṣo, irú tí wọ́n ń pè ní DDR4-3200, ni ẹ fi sí i, GB 25.6 ni ó lè gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ méjì, tí a sì kì wọ́n bọ ojú ihò tí ìwé ìtọ́nisọ́nà mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí a ń to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lé) sọ, ó di 51.2. Ẹ wá fi èyí wé GTX 1650 tó kọ́kọ́ jáde ní 2019, káàdì kékeré tí ráàmù rẹ̀ ń gbé 128, ẹ ó sì rí ibi tí ìyàtọ̀ ti wá. Nítorí náà, bí GB 16 ni ẹ fẹ́, GB 8 méjì ni kí ẹ rà, bí ọlọ́jà tilẹ̀ ní ẹyọ kan yóò fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú. Ìmọ̀ràn tó dára ni fún ẹni tó bá ní káàdì, ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà tiyín, géèmù tí ì bá máa lọ geere yóò máa fà. Ẹ má sì gbà kí ó jẹ́ GB 8 lápapọ̀, nítorí pé bí a bá ti yọ GB 2 sọ́tọ̀ fún gráfíìkì, 6 péré ni yóò kù fún gbogbo iṣẹ́ yòókù.

Ní ti ẹ̀kọ́ ọmọ yín, kò sí àríyànjiyàn. Kíkọ kóòdù, wíwo fídíò àti lílọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò béèrè káàdì rárá. UHD 730, gráfíìkì tó wà nínú prósẹ́sọ̀ Core i3-12100 ti iléeṣẹ́ Intel, pàápàá ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìmí hẹlẹ. Prósẹ́sọ̀ tó lágbára, ráàmù tó pọ̀ àti SSD (ibi ìkó-fáìlì-sí tó yára) ni ẹni tí ń kọ kóòdù nílò, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí owó káàdì yẹn lọ.

Géèmù ló kù. Prósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600G tí iléeṣẹ́ AMD gbé jáde ní 2021 ni èmi ì bá mú: kọ́ọ̀ (ẹ̀yà inú prósẹ́sọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́) mẹ́fà ni ó ní, gráfíìkì Vega inú rẹ̀ sì lágbára ju ti Intel tí mo dárúkọ lókè lọ dáadáa. Géèmù bọ́ọ̀lù, Valorant tó jẹ́ géèmù ìbọn, àti irú wọn yóò lọ lórí rẹ̀ ní 1080p (ìwọ̀n àwòrán tó mọ́ kedere) bí a bá dín ẹwà àwòrán kù. Àwọn géèmù ńláńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yóò fẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 720p tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn kan tó ń béèrè ray tracing (ọ̀nà tí géèmù ń gbà ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn) kò sì ní í ṣí rárá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ èyí kí ẹ tó náwó, kí ó má baà di ìjà nílé. Ryzen 5 8600G àti Ryzen 7 8700G tó jáde ní 2024 lágbára jù ú lọ, àmọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù AM5 (irú ihò prósẹ́sọ̀ AMD tó tuntun) àti ráàmù DDR5 ni wọ́n ń lò, owó tí ẹ ó sì ná lé gbogbo rẹ̀ lè ti tó ra prósẹ́sọ̀ tí kò wọ́n pẹ̀lú káàdì tòkunbọ̀ tí yóò ṣe ju wọ́n lọ. Mi ò rí èrè kankan níbẹ̀ fún ẹni tí ń ṣọ́ owó ná.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Wáàtì 65 ni AMD kọ sára 5600G. GTX 1650 lè fi wáàtì 75 kún ti prósẹ́sọ̀ nígbà tí géèmù bá ń lọ, káàdì RX 6600 sì lè fi 132 kún un. Ẹni tí ń lo ínfátà kò nílò àlàyé.

Ojú ihò káàdì ṣì wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù bí ọwọ́ bá dẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, kí ẹ ṣáà ti ra páwà sọ́páláì (àpótí tí ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) gidi láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àkókò bá tó, ẹ yẹra fún káàdì RX 6400 àti RX 6500 XT: ọ̀nà mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, PCIe 3.0 (irú ọ̀nà yẹn tó ti pẹ́, tí kò yára tó PCIe 4.0 tí a ṣe wọ́n fún) ni 5600G sì ní, nítorí náà agbára wọn á dín kù lórí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra prósẹ́sọ̀ Core i5-12400F àlòkù nítorí pé owó rẹ̀ dín díẹ̀. Mo so okùn HDMI mọ́ ẹ̀yìn mọ́dábọ́ọ̀dù, ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? — Òǹkàwé kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Kò dájú pé ẹnikẹ́ni lù yín. Lẹ́tà F yẹn ni Intel fi ń sọ pé kò sí gráfíìkì tí ẹ lè lò nínú prósẹ́sọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi dín. Ẹ wá káàdì sí i, tàbí kí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú i5-12400 lásán. Ẹni tó bá ń ra AMD lórí AM4 (ihò prósẹ́sọ̀ tó ṣáájú AM5), G ni kí ó wá lẹ́yìn nọ́ńbà. Ryzen 5 5600 àti 5600X kò ní gráfíìkì.

ÌBÉÈRÈ: Fídíò ayẹyẹ ni mo ń ṣe, ètò DaVinci Resolve ni mo sì fi ń gé fídíò 4K, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju 1080p lọ. Ṣé mo lè ṣe é láìra káàdì? — Òǹkàwé kan, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Kò ní í tẹ́ yín lọ́rùn. Orí gráfíìkì ni Resolve ń di ẹrù lé jù lọ, pàápàá bí ẹ bá ń tún àwọ̀ ṣe. Bí owó káàdì kò bá tíì pé, ẹ ra i5-12400 tí kò ní F, ẹ ní kí Resolve ṣe ẹ̀dà 1080p fídíò náà kí ẹ máa fi gé iṣẹ́, kí ẹ sì padà sórí 4K nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pẹ́. Nígbà tí ẹ bá máa ra káàdì, ẹ wá èyí tí ráàmù rẹ̀ kò dín ní GB 8, kí ó sì jẹ́ ti iléeṣẹ́ NVIDIA bí ẹ bá tún fẹ́ máa lo Blender (ètò àwòrán 3D), nítorí pé òun nìkan ló ní CUDA, ọ̀nà kan tí Blender lè gbà fi káàdì ṣiṣẹ́.