Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè páténtì ránṣẹ́, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín síta

Ẹ sọ pé ẹ ti kọ́ ẹ̀rọ AI kan tó ń fetí sí ìró mọ́tò, tó sì lè mọ̀ pé apá kan nínú mọ́tò náà ti fẹ́ bàjẹ́ kí ó tó dákú. Ẹ fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níbi àpérò àwọn onímọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹ tó wá gba páténtì rẹ̀ (ẹ̀tọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ìṣẹ̀dá yín láìgbàṣẹ) ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Jàpáànù, ẹ sì béèrè bóyá ètò náà dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí èmi náà gbà nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdánù Yúróòpù pátápátá.

Èmi àti alábàáṣiṣẹ́ mi kan la jọ ṣe iṣẹ́ náà, ìyẹn ọ̀nà láti fi neural network, irú AI kan tó ń kọ́ nǹkan láti inú dátà, yọ ariwo kúrò nínú ohun tí sensor, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ tàbí tó ń wọn nǹkan, ń fi ránṣẹ́. Inú wa dùn sí àbájáde rẹ̀ débi pé a kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ olójú-ewé mẹ́sàn-án, a sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìtilẹ̀ ronú kan páténtì. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà la fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti fún olùṣẹ̀dá ní ọdún kan lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ han aráyé, nítorí náà ọkàn wa balẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. A béèrè ní Yúróòpù náà. Nígbà tí lẹ́tà olùyẹ̀wò ti ibẹ̀ dé, mo ṣí ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn, èyí tí wọ́n pè ní D1, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ohun tí à ń béèrè kì í ṣe tuntun mọ́. Orúkọ mi ni mo rí lókè ojú-ewé kìíní. Àpilẹ̀kọ tiwa gan-an ni. Olùyẹ̀wò náà kò ṣẹ̀ wá, òfin ló tẹ̀ lé: ní Yúróòpù, ohunkóhun tí ará ìta bá ti lè rí ṣáájú ọjọ́ tí ìwé yín wọlé ti di ohun àtijọ́, ì báà jẹ́ láti ẹnu yín ló ti jáde, àfi nínú ìwọ̀nba ọ̀ràn díẹ̀ bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá dalẹ̀ yín.

Jàpáànù ń fúnni ní oṣù 12 lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi iṣẹ́ yín han aráyé, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kéde pé ẹ ti fi í hàn nígbà tí ẹ bá ń fi ìwé sílẹ̀, kí ẹ sì kó ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ni pé ọjọ́ tí ìwé bá dé Jàpáànù fúnra rẹ̀, tàbí ọjọ́ tí ẹ fi ìwé PCT (ìwé kan ṣoṣo tí a fi ń béèrè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lábẹ́ àdéhùn àgbáyé) sílẹ̀, ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ohun tó yẹ kí a ti ṣe kò le. Àdéhùn Paris ti ọdún 1883 jẹ́ kí ẹni tó ti fi ìwé sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan ní oṣù 12 láti fi í sílẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè yòókù tó wà nínú àdéhùn náà, kí wọ́n sì máa ka ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn fún un. Bí ìwé yín bá wọlé lónìí, ẹ lè sọ̀rọ̀ ní gbangba lọ́la. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni ọjọ́ náà ń dáàbò bò, ibẹ̀ sì ni àwa tí à ń ṣe AI ti máa ń kọsẹ̀, nítorí a máa ń sáré kọ ọ́, a ó ní a ó fi ìyókù kún un tó bá yá.

Nígbà tí a kọ ìwé fún iṣẹ́ wa kejì, gbólóhùn kan péré la kọ nípa bí a ṣe kọ́ neural network náà: pé a fi dátà tó yẹ kọ́ ọ. Agbẹjọ́rò wa fi ìka sórí gbólóhùn yẹn, ó ní, “Dátà wo? Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ta ló sọ fún ẹ̀rọ pé èyí dára, èyí kò dára?” Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi dáhùn. Ó ní kí a lọ ka ẹjọ́ T 161/18 tí ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ti Ilé-iṣẹ́ Páténtì Yúróòpù dá ní ọdún 2020. Ìṣẹ̀dá náà ń fi neural network ṣírò bí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ nípa dátà kò ju pé kí ó kó onírúurú aláìsàn mọ́ra, lọ́mọdé lágbà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìgbìmọ̀ náà kọ̀ ọ́, nítorí pé onímọ̀ tó bá ka ìwé náà kò lè fi ohun tó kà ṣe irú rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣàpèjúwe iṣẹ́ náà tún ṣe pàtàkì. Ní Yúróòpù, ìṣirò lásán àti sọ́fítíwíà lásán kò lè gba páténtì, àfi bí ó bá ń yanjú ìṣòro tó jẹ mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìlànà tí àwọn olùyẹ̀wò wọn ń lò fi àpẹẹrẹ hàn: neural network tó ń bá ẹ̀rọ aṣọ́kàn mọ ìlùkìkì ọkàn tí kò ṣe déédéé yẹ fún un, ṣùgbọ́n èyí tó kàn ń pín ìwé sí ìsọ̀rí nítorí ọ̀rọ̀ inú wọn kò yẹ fún un. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ Alice tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní ọdún 2014 sọ pé gbígbé èrò inú lásán sórí kọ̀ǹpútà kò tó. Ọ̀nà tiyín là ní tiyín, nítorí pé mọ́tò gidi àti ìró gidi ló wà níbẹ̀. Ẹ má wá fi ìṣirò bo mọ́tò náà mọ́lẹ̀ nínú ìwé yín. Ẹ kọ ibi tí ẹ gbé sensor sí, ohun tí ẹ yọ jáde nínú ìró náà, àti ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tí ewu bá fara hàn.

Ní ti PCT, kì í ṣe páténtì gbogbo ayé, nítorí kò sí irú rẹ̀. Àkókò ló ń fún yín, nǹkan bí oṣù 30 láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó san owó orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan àti owó ìtumọ̀, tí ó pọ̀ gan-an.

Bí AI bá bá yín ṣe lára iṣẹ́ náà, orúkọ ènìyàn ni kí ẹ kọ síbi olùṣẹ̀dá. Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù ló kọ̀ láti gba DABUS, ẹ̀rọ Stephen Thaler, gẹ́gẹ́ bí olùṣẹ̀dá. Gúúsù Áfíríkà fún un ní páténtì ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n wọn kì í yẹ kókó ìwé wò níbẹ̀ kí wọ́n tó fúnni.

Ẹ kàn sí agbẹjọ́rò páténtì lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bi àwọn tó ṣètò àpérò náà léèrè ọjọ́ tí wọn yóò gbé àkótán ọ̀rọ̀ yín sórí ìkànnì wọn. Ọjọ́ yẹn ni ìwé yín gbọ́dọ̀ ṣáájú, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ máa dìde sọ̀rọ̀.