Ẹ bi wọ́n léèrè òru kí ẹ tó tẹ́ ẹní

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìyá ẹni ọdún 66 tí ẹ ń bá ṣe yóògà kò lè jókòó sórí ilẹ̀ mọ́ nítorí orúnkún, wọn kì í sì í sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ lóru. Ẹ wá ń béèrè irú ìdúró, ìyẹn bí a ṣe ń gbé ara kalẹ̀ nínú yóògà, tí ẹ lè fi rọ́pò èyí tí wọn kò lè ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdúró sílẹ̀ ná. Ibẹ̀ gan-an ni èmi ti ṣìnà, ẹlòmíì ló sì jẹ ìyà rẹ̀.

Gúúsù London ni mo ń gbé. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, obìnrin kan bẹ̀ mí pé kí n máa wá ran ìyá òun lọ́wọ́ nílé. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 71, ọmọ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó: gbígbé, yíyí, fífà sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbáròkó ọ̀tún àti orúnkún méjèèjì ló ń dùn wọ́n. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ yóògà mi. Mo gbé ẹní lọ, mo tẹ́ ẹ sí pálọ̀, mo ní kí Màmá dùbúlẹ̀ kí ara wọn lè balẹ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀ lóòótọ́. Dídìde ló wá di ogun. Èmi àti ọmọ wọn fà wọ́n, a tì wọ́n, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó padà sórí àga. Wọn ò pariwo, wọn ò bínú, wọ́n kàn ń sọ pé, "Ó ti tó, ọmọ mi, ó ti tó." Àwọn tó ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dìde láyé wọn, àwọn la wá ń gbé nílẹ̀ lójú ọmọ wọn. Ní aago mẹ́ta òru ọjọ́ yẹn, ọmọ wọn tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi pé ìyá òun kò tíì fojú kan oorun.

Nígbà tí mo padà lọ, n kò mú ẹní dání. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Màmá, ẹ sọ òru àná fún mi, láti ìgbà tí ẹ wọ yàrá títí ilẹ̀ fi mọ́." Wọ́n ní aago mẹ́jọ làwọn ti ń wọ bẹ́ẹ̀dì, kí oorun lè mọ̀ pé àwọn ń dúró dè é. Wọ́n ní ìgbàkígbà tí àwọn bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, ìgbáròkó á ta àwọn jí. Ìtọ̀ ń gbé wọn dìde lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rù àtiṣubú nínú òkùnkùn sì ń mú kí àyà wọn máa já títí wọ́n á fi padà dùbúlẹ̀. Obì ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, awẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Obì ní kaféènì nínú bíi kọfí, ó sì máa ń tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Èyí tí wọ́n jẹ ní aago méje alẹ́ ṣì wà lára wọn ní ọ̀gànjọ́ òru.

Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí ìwé ìdúró mi mẹ́nu kàn. Ìrora ń jí wọn, àìsùn náà sì ń mú kí ìrora le sí i lọ́jọ́ kejì. N kò lè mú ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, yíyí lórí bẹ́ẹ̀dì nìkan ni yóògà wa. Wọ́n á ká orúnkún méjèèjì díẹ̀, wọ́n á fi ìrọ̀rí sáàárín wọn, wọ́n á mí sínú. Bí wọ́n bá ti ń mí síta, orúnkún àti èjìká á jọ yí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbáròkó nìkan ló ń lọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n á kọ́kọ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá fi ọwọ́ ti ara sókè bí èémí ti ń jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èyí kì í ṣe yóògà, Patanjali, ọlọ́gbọ́n Íńdíà àtijọ́ tí wọ́n ní ó kọ ìwé ìpìlẹ̀ yóògà, sọ pé kí ìjókòó fìdí múlẹ̀, kí ó sì tuni lára. Krishnamacharya, olùkọ́ yóògà ọmọ Íńdíà, àti Desikachar ọmọ rẹ̀, tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Chennai ní Íńdíà ní 1976, fi kọ́ni pé yóògà la ń gé bá ara ènìyàn, bí ẹni ń gé aṣọ. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé mi nígbà ẹ̀kọ́. Orí ilẹ̀ pálọ̀ Màmá ni ó ti yé mi.

Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí àga: àga ìjẹun tí kò ní táyà, tí a ti mọ́ ògiri. Ẹsẹ̀ Màmá kò tólẹ̀ dáadáa, mo ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á na orúnkún kan bí wọ́n ṣe ń mí sínú, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mí síta, ẹ̀ẹ̀mẹfà fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ èyí tó ṣe wọ́n lóore jù ni dídìde àti jíjókòó. Mo to tìmùtìmù méjì sórí àga, torí bí ìjókòó bá ṣe ga tó ni ẹrù orúnkún ṣe ń fúyẹ́ tó. Nígbà tí èyí rọrùn, mo yọ ọ̀kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí n tó yọ ìkejì, mi ò sì kánjú. Òwúrọ̀ la ń ṣe é, kì í ṣe alẹ́.

Ẹ béèrè ojú wọn o! Màmá ń kán oògùn gíláúkómà, àìsàn ojú tí ìfúnpá inú ẹyinjú sábà máa ń fà, tó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí náà gbogbo ìdúró tí orí ń dojú kọ ilẹ̀ di èèwọ̀. Wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, a kò sì di èémí mú rárá.

Ọ̀rọ̀ èémí tún kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ní kí wọ́n ka mẹ́rin sínú, mẹ́fà síta. Wọ́n ń ṣe é, èjìká wọn ń gòkè. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn kí àwọn má ṣì í kà, wọ́n sì béèrè jẹ́jẹ́ bóyá kì í ṣe ìbọ àwọn ará Íńdíà ni mo ń kọ́ àwọn. Mi ò jiyàn. Mo ní kí wọ́n mú orin inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí wọ́n fẹ́ràn jù, kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n máa kùn ún bí oyin. Bhramari ni wọ́n ń pè é nínú yóògà, ara oyin náà ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Ẹni tó bá ń kùn, èémí rẹ̀ á gùn síta láìkà á, ọkàn á sì máa lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti lo irú rẹ̀ fún Alhaji kan tó ń fi tẹ̀sùbáà ṣe síkírì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì bá a lára mu.

Obì di ti òwúrọ̀. Aago mẹ́wàá di àkókò bẹ́ẹ̀dì. A fi iná kékeré sẹ́bàá ògiri títí dé ilé ìtọ̀, àga tó ní ọwọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n lè jókòó síbẹ̀ kùn bí oorun kò bá dé láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Oògùn tó ń fa ìtọ̀, dókítà wọn ló sún un sí òwúrọ̀. Èmi kò fọwọ́ kan oògùn, kí ẹ̀yin náà má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìyá yín bá ń hanrun tí èémí wọn ń já lóru, tàbí orúnkún wú tó sì gbóná, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ darí wọn sí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Màmá ń sùn tó wákàtí márùn-ún lọ́pọ̀ òru. Orúnkún ṣì ń ro wọ́n nígbà òtútù, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń jí dípò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá lọ, wọ́n ń dá bọ̀, wọn kì í pe ọmọ wọn mọ́.

Tí ẹ bá tún lọ, ẹ fi ẹní sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ béèrè ẹ̀gbẹ́ tí ìyá náà fi ń sùn, ohun tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn aago márùn-ún, oògùn tí wọ́n ń lò àti ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún mi, ká jọ wò ó.