Èsì: Ṣé ríbósóòmù máa ń dẹwọ́ tí okun bá tán?

Àbúrò, o kú iṣẹ́ ìwé. O béèrè pé tí okun bá tán nínú sẹ́ẹ̀lì, ṣé ríbósóòmù (ẹ̀rọ kékeré tó ń so púrótéènì nínú sẹ́ẹ̀lì) á ṣì máa so púrótéènì lọ ni. Rárá o.

Bí wọ́n ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀ l'Ọ́jà Ọba níbí l'Óṣogbo ló rí: tRNA, tó dà bí alágbàrù, á gbé amino acid kan (ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń sín púrótéènì) wá, ríbósóòmù á so ó mọ́ ìyókù, á sì sún síwájú ní lẹ́tà mẹ́ta lórí mRNA, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń kà. Púrótéènì kan tó ń jẹ́ eEF2 ló ń sún un, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjánu wà. Tí ATP, ìyẹn okun tí sẹ́ẹ̀lì ń lò, bá lọ sílẹ̀, AMPK, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ okun sẹ́ẹ̀lì, á ta énsáìmù kan tó ń jẹ́ eEF2K jí, ìyẹn á lẹ fọ́síféètì mọ́ eEF2 lára, iṣẹ́ á sì falẹ̀. Èyí wú mi lórí gan-an! Sẹ́ẹ̀lì ò ní láti tú ohun tó ti so, ó kàn ń rọra ṣe é ni.

Májèlé àrùn diphtheria burú ju ìyẹn lọ: ó ń ba eEF2 jẹ́ pátápátá ni, sẹ́ẹ̀lì á sì kú.

Ti tetracycline, oògùn tó ń gbógun ti bakitéríà, tó o tún bi mí, kì í ṣe eEF2 ló ń bá jà. Ẹnu ọ̀nà tí tRNA ń gbà wọ ríbósóòmù bakitéríà ló ń dí.